Obìnrin Ara Pátákó

Ayàwòrán ilé sinimá kú ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n gbé àwọn pátákó tó ya àwòrán sí kọ́ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Kò sí àìsàn ńlá kan. Ọmọ rẹ̀ obìnrin bá a lórí àga onígi tó fẹ́ràn, ọ̀kan tó mú lọ sílé nígbà tí ilé sinimá ń kó àwọn àga àtijọ́ rẹ̀ dànù. Àga náà ti yẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan, àmọ́ bàbá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi dáná.

Lẹ́yìn ìsìnkú, obìnrin ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wá bá ọmọ náà níbi iṣẹ́. Iṣẹ́ fíìmù ni ọmọ náà ń ṣe. Òun ló ń gé e, tó ń tò ó. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ pé bí ojú bá rí àwòrán méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, inú á hun ìtàn sí àárín wọn, ì báà jẹ́ irọ́.

"Ẹ kú ara fẹ́ra kù, ẹ̀gbọ́n," ni àlejò náà wí. "Ohun kan ló kù. A fẹ́ kọ orúkọ sábẹ́ àwọn pátákó yẹn. Ta ni obìnrin tó wà lára gbogbo wọn yìí?"

"Ìyá mi ni."

"Orúkọ wọn ńkọ́?"

Ọmọ náà wolẹ̀. "Mi ò mọ̀ ọ́n."

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí ẹni tó dàgbà ládùúgbò ilé sinimá náà tí kò mọ ojú obìnrin náà. Kí àwòrán alátẹ̀, èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ̀, tó dé, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ya ohun tí wọ́n ń gbé síwájú ilé sinimá. Àwọn tó ń pín fíìmù kì í fi fọ́tò ránṣẹ́. Orúkọ fíìmù ni wọ́n ń sọ, ayàwòrán á wá fi ojú tó bá wù ú sí i. Àwọn kan ń ya aládùúgbò wọn, àwọn kan ń ya ọ̀gá wọn kí iṣẹ́ má baà bọ́. Ojú kan ṣoṣo ni ti bàbá ọmọ náà. Fíìmù ogun, ojú yẹn. Fíìmù ìfẹ́, ojú yẹn. Bí kò bá sí obìnrin kankan nínú fíìmù, á yọjú lójú fèrèsé kan lẹ́yìn àwọn ọkùnrin.

Àwọn òǹwòran a máa fi ayàwòrán náà ṣe yẹ̀yẹ́ bí wọ́n bá ń jáde.

"Ayàwòrán, obìnrin tó o fi tàn wá wọlé dà? A wò títí, a ò rí i!"

"Èmi náà ń wá a," ni yóò wí, wọn á sì bú sẹ́rìn-ín.

Kò sí fọ́tò obìnrin náà nínú ilé wọn. Bí ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ bá wọlé, bàbá á pe ọmọ sójú fèrèsé. "Gbé àgbọ̀n sókè. Yí sọ́tùn-ún. Rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó tó." Ọmọ náà rò pé òun mọ ìdí rẹ̀: ojú òun ni bàbá fi ń rántí ìyá òun.

"Bàbá, báwo lohùn wọn ṣe rí?"

"Àwòrán kì í sọ̀rọ̀, ọmọ mi."

"Ṣé wọ́n ga?"

"Orí nìkan ni mo mọ̀ ọ́n yà."

Wọ́n fi iṣẹ́ tó sàn ju ti ilé sinimá lọ lọ̀ bàbá ní òdìkejì ìlú, tòun ti ilé gbígbé. Ó kọ̀. "Bó bá padà dé," ó ní, "ibí ló mọ̀." Nígbà tí àwòrán alátẹ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pàápàá, ó ṣì ń ya pátákó tuntun lọ́dọọdún, ó ń gbé e lọ síwájú ilé sinimá náà lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ náà ti dàgbà nígbà yẹn. Òun náà ti ń wo ojú àwọn ìyá àgbà lójú pópó.

"Gbogbo ìlú ló ń bọ̀ wá wo àfihàn yìí," ó sọ fún àlejò náà. "Bí ìyá mi bá ṣì wà láyé, tí wọ́n gbọ́ orúkọ ara wọn, wọ́n lè wá. Ẹ dákun, ẹ fún mi láyè díẹ̀."

Ẹnì kan ló kù tó lè mọ orúkọ náà: bàbá arúgbó tó ń yí fíìmù ní yàrá òkè láyé ìgbà yẹn, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Iná. Òun ló sọ ọmọ náà ní Ọmọ Sinimá. Ọmọ náà bá a lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀.

"Ọmọ Sinimá! O tún ga sí i?"

"Ẹ̀yin lẹ ń kúrú, Bàbá Iná."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tó wá béèrè orúkọ ìyá rẹ̀, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu bàbá arúgbó náà.

"Mú mi lọ síbi tí àwọn pátákó náà wà," ó ní.

Wọ́n ti tò wọ́n síbi ògiri, láti orí èyí tó pẹ́ jù dé orí èyí tó kẹ́yìn. Obìnrin ilé ìṣẹ̀ǹbáyé nawọ́ sí wọn.

"Ohun kan ń ṣe mí ní kàyééfì. Nínú àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀, imú wọn pẹlẹbẹ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn rí roboto. Ó wá ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Èjí yìí náà, kò sí níbẹ̀rẹ̀."

"Ọwọ́ bàbá mi ló ń já fáfá sí i," ọmọ náà wí, ó sì fi ahọ́n kan èjí tiẹ̀.

"Ọdún tó o pààrọ̀ eyín ló yọ lára pátákó," Bàbá Iná sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Mi ò mọ orúkọ ìyá rẹ. Bàbá rẹ náà ò mọ̀ ọ́n. Ó ní kí n má sọ ọ́ lójú ayé òun."

Ó ní òun àti ayàwòrán ni wọ́n jọ fẹ́ ti ilẹ̀kùn ilé sinimá lọ́jọ́ kan tí wọ́n bá ọmọ kékeré kan tó sùn lọ lórí àga ẹ̀yìn, àga kan náà tí ayàwòrán padà wá kú sí. Wọ́n kéde títí, ẹnikẹ́ni kò wá, ayàwòrán kò sì rí ìyá ọmọ náà rí títí tó fi kú. Ojú ọmọ náà ló ń wò, tó ń fi ọjọ́ orí kún un, kí obìnrin náà lè rí ojú ara rẹ̀ lára pátákó bó bá ń kọjá, kó sì yà wá mú ọmọ rẹ̀.