Anwar àti Áàpù Aláwọ̀ Mèremère

Ohun tó bá ti ń dán ló máa ń wọ Anwar lójú. Kì í bèèrè iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe. Ìwà yìí ló gbé dé ẹnu iṣẹ́ nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbin ọ̀pẹ̀ òyìnbó ní Fìdítì fi í ṣe olórí ọ́fíìsì wọn.

Ẹgbẹ́ náà ń yá kọ̀ǹpútà ńlá kan lò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ni àkọsílẹ̀ oko gbogbo wọn wà. Ibẹ̀ náà ni àtẹ̀jíṣẹ́ ti ń lọ sórí fóònù àwọn àgbẹ̀ pé ọkọ̀ ń bọ̀, kí wọ́n gé ọ̀pẹ̀ òyìnbó sílẹ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá bi kọ̀ǹpútà yìí ní ìbéèrè ni owó ń lọ. Ìdí nìyẹn tí alága wọn, Bàbá Ọ̀pádọ̀tun, fi ní kí Anwar wá áàpù tí yóò máa ṣọ́ ìnáwó náà.

Áàpù méjì ni wọ́n rí. Kaothar, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ti dán ọ̀kan wò. Kò lẹ́wà rárá, ṣùgbọ́n bí owó bá ti fẹ́ tán, á pe fóònù gbogbo olóyè ẹgbẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, eléyìí ni kẹ́ ẹ mú," ó ní. "Èkejì yẹn, àfi tẹ́ ẹ bá jókòó tì í lẹ tó lè mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀."

Anwar rẹ́rìn-ín. "Tìẹ yìí ò ṣe é fi han àlejò, Kaothar."

Èkejì ló mú. Ó gbé tẹlifíṣọ̀n gbàgbàdà kọ́ ara ògiri, àwòrán ìnáwó aláwọ̀ oríṣiríṣi ń sáré lójú ẹ̀. Kí àwòrán náà má baà dúró sójú kan, ó ní kí áàpù máa bi kọ̀ǹpútà léèrè ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. Kò rò ó pé ìbéèrè nìyẹn náà, owó sì ni. Àlejò ń wá láti Ìlọrà wá wò ó, orí Anwar ń wú.

Iléyá dé, wọ́n ti ọ́fíìsì, Anwar lọ jẹran ọdún. Iná sólà tó ń lo oòrùn ń gbé tẹlifíṣọ̀n, áàpù ò sinmi. Kí wọ́n tó wọlé padà, owó tí ẹgbẹ́ san sílẹ̀ ti tán, àwọn tó ni kọ̀ǹpútà sì ti tì í mọ́ wọn. Ọkọ̀ dé, kò sí àgbẹ̀ tó gbọ́, ó padà lófìfo. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó rà sóko. Ó dunni gan-an.

"Àwòrán ẹ dáa," Bàbá Ọ̀pádọ̀tun sọ fún Anwar. "Ta ló wá sọ fún wa pé owó ń tán?"



Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n gbé e fún Kaothar. Wọ́n ní kí Anwar máa gun ọ̀kadà káàkiri oko, kó máa fẹnu jíṣẹ́ ọkọ̀. Oko Ìyá Àwẹ̀ní ní Akínmọ̀ọ́rìn ló kọ́kọ́ dé, ó sì jíṣẹ́ pé ọkọ̀ ń bọ̀ lọ́la.

"O ṣeun, ọmọ mi," ìyá náà ní. "Kò sí ohun tí ọkọ̀ máa kó mọ́."

Ìtàn yìí kọ́ wa pé tí a bá fẹ́ yan ohun tí yóò bá wa ṣọ́ owó, ká má wo ẹwà rẹ̀. Ká bèèrè ẹni tí yóò ké sí nígbà tí nǹkan bá fẹ́ bàjẹ́, àti iye tí òun fúnra rẹ̀ yóò máa jẹ nínú owó náà. Ẹni tí kò bá bèèrè, ẹlòmíràn ló máa ń jìyà ẹ̀ kó tó kàn án.