Oyún Inú Èèrà

"Èèrà yìí lóyún! Ẹyin rẹ̀ rèé!" Ọ̀gá na ìka sí àmì funfun kan nínú àwòrán tó wà lójú kọ̀ǹpútà. Àwọn àlejò tó wá pinnu bóyá iṣẹ́ wọn á tẹ̀síwájú ń mi orí bí alángbá.

Obìnrin tó fi ọdún mẹ́ta ṣe kámẹ́rà X-ray tó ya inú èèrà náà sún mọ́ ọ̀gá. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kámẹ́rà wa ló lábùkù. Ibi bíńtín kan ti kú lójú ẹ̀, òun ló ń hàn ní funfun yẹn."

"Ṣé owú èèrà lo wá ń jẹ ni?"

Ọ̀gá lọ̀gá ń jẹ́. Ta ló máa yẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ wò? Obìnrin náà kàn yọ èèrà kúrò, ó tún àwòrán yà. Èèrà ti lọ, àmì funfun ò kúrò lójú kan.

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ò rí i? Ó ti yé ẹyin náà sílẹ̀!"

Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn tó ń ṣèwádìí irin yọ ìṣó lápò, ó ní kí wọ́n bá òun wò ó bóyá ó ti sán nínú. Obìnrin náà gbé e síwájú kámẹ́rà, ó tẹ bọ́tìnì, ó wo àwòrán, ó sì kúnlẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ níwájú ọ̀gá.

"Ẹ kú oríire, sà. Ìṣó náà ti lóyún."