Gíláàsì Ẹnu Ààrò

Ọ̀kadà dúró lẹ́nu ọ̀nà, àyà ìyàwó ilé sì já. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti dé láti Màsífà. Búrẹ́dì ti wà nínú ààrò, ìyàwó kò sì tíì rí irọ́ tí yóò pa.

Àná ni igi ìdáná bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó fọ́ gíláàsì ilẹ̀kùn ààrò túútúú. Orí itan ni ìyá gbé gíláàsì yẹn sí láti Àbíjàn dé Ẹ̀jìgbò. Láràárọ̀ ló máa ń gbójú sún mọ́ ọn láti mọ̀ bóyá búrẹ́dì ti jinná.

"Tí mo bá fi gíláàsì fèrèsé síbẹ̀, ooru á fọ́ ọ mọ́ Màmá lójú," ni Jamaldeen tó ń jó irin wí lánàá yẹn, ló bá jó páànù dúdú dí ojú ihò náà.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá."

"Ìyàwó, kí ló ń gbọ̀n ọ́ lóhùn?"

"Òtútù ni, mà."

Ìyá ń fọwọ́ tọ ògiri bọ̀, bí ẹni tí ìrìn ti rẹ̀. Ìyàwó fẹ́ jẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ìyá ti kọjá lára rẹ̀. Ìyá bẹ̀rẹ̀ síwájú ààrò, ó gbé ojú sún mọ́ páànù náà, ó rọra fa imú, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ pẹ́.

"Ó kù díẹ̀," ni ìyá wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Àwọn tó wà lápá òsì ti ń pọ́n. Mo ń rí wọn."

Ìyàwó wo páànù. Ó rọra gbé ọwọ́ sókè, ó ń jù ú síwá-sẹ́yìn níwájú ojú ìyá.

Ìyá kò ṣẹ́jú. Búrẹ́dì ló ń wò.