Adágún Ẹ̀yìn Ilé-Iṣẹ́

Ọdún mọ́kànlá ni Ọ̀jọ̀gbọ́n fi kọ́ ọkùnrin tó ń pè ní Àbúrò níṣẹ́. Obìnrin ni Ọ̀jọ̀gbọ́n; òun ló kọ́kọ́ fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá hàn án pé ayé kan wà nínú ẹ̀kán omi: àwọn ohun abẹ̀mí onísẹ́ẹ̀lì kan, tí wọ́n ti ń jẹ, tí wọ́n ń bí sí i, tí wọ́n sì ń yíra padà kí igi tàbí ẹran tó dáyé.

Nígbà tí Àbúrò náà di olùkọ́, ìjà dé. Wọ́n rí ohun abẹ̀mí kan tí ẹnikẹ́ni kò rí irú rẹ̀ rí nínú adágún ẹ̀yìn ilé-iṣẹ́ irin, níbi tí omi gbígbóná ń ṣàn sí. Kálukú ní òun lòún kọ́kọ́ rí i. Nínú ìpàdé, Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ ife lu ògiri lẹ́bàá etí Àbúrò.

"Ọ̀rọ̀ yìí ò tó báyìí, mà."

"Mo fi awò lé ọ lọ́wọ́, o wá fẹ́ fi yọ mí lójú."

Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọn kò fi kí ara wọn.

Lọ́jọ́rú, Ọ̀jọ̀gbọ́n kó akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà lọ sí adágún. Ó wọ omi dé ìbàdí, ó ń bu ú sínú ìgò, ó ń ṣàlàyé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń bọ́ bàtà lọ́wọ́ nígbà tí Àbúrò já dé pẹ̀lú ẹ̀wù funfun iṣẹ́ lọ́rùn. Ó ń mí hẹlẹ débi pé ọ̀rọ̀ ò kọ́kọ́ jáde. Ó ti akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣubú, ó fi ẹsẹ̀ fọ́ ìgò mẹ́ta, ó kó sómi, ó sì gbá Ọ̀jọ̀gbọ́n lọ́rùn ẹ̀wù mú.

"Ẹ jáde! Ẹ jáde!"

"Ṣé orí ẹ ti dàrú ni? Fi mí sílẹ̀!"

Ọ̀pá onírin wà lọ́wọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó fi lu àgbọ̀n Àbúrò, gbogbo wọn sì gbọ́ bó ṣe kán. Àbúrò ò fi í sílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n tún lu ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ìyẹn náà kán. Àbúrò dojú bolẹ̀ sínú omi. Ọ̀jọ̀gbọ́n fi orúnkún lé e lẹ́yìn, ó di ìpàkọ́ rẹ̀ mú, ó sì ń rì í.

"Èmi ni mo rí i! Èmi ni!"

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló fa Ọ̀jọ̀gbọ́n kúrò lára rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ àti omi ń tú jáde nímú Àbúrò.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n fi wáyà di àgbọ̀n rẹ̀ tó kán, kò lè sọ̀rọ̀. Ó fi ìka òsì kọ "OMI" sí àtẹ́lẹwọ́ nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì fi ṣíbí bu omi fún un. Ó mi orí pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó bú sẹ́kún.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́rìí fún ọlọ́pàá pé Àbúrò ló bẹ̀rẹ̀ ìjà. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní kí ẹnikẹ́ni má lọ sí adágún mọ́.

"Ojú ìlara kì í ríran," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí ní kíláàsì.

Lọ́jọ́ kẹfà, ibà gbé Àbúrò, ọrùn rẹ̀ le gan-an. Ó ń fi orí gbá irin bẹ́ẹ̀dì, wọ́n dè é mọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kẹjọ, ó kú.

Dókítà ti fi abẹ́rẹ́ fa omi díẹ̀ nínú ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì rí ohun kan tó ń rìn nínú rẹ̀. Ó ránṣẹ́ sí Ọ̀jọ̀gbọ́n, torí kò sẹ́lòmíì tó mọ̀ nípa irú ohun abẹ̀mí bẹ́ẹ̀.

"Ẹ bá wa wò ó, mà."

Ọ̀jọ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo inú awò, ó sì rí ohun tí ń gba imú wọ orí jẹ ọpọlọ ènìyàn, èyí tí Àbúrò ti rí nínú ìgò omi adágún láàárọ̀ ọjọ́rú náà, kó tó sáré wá fa Ọ̀jọ̀gbọ́n jáde nínú omi.