Kò Tíì Gbó

Ọdẹ náà fi ipá já ìbọn gbà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀.

“Baba Ràsáàkì, funfun ti bo ojú yín! Dókítà Ṣakí ní àwọn lè ṣí i kúrò.”

“Kò tíì gbó. Ta ní í wa iṣu tí kò gbó?”

Ó fọ́ ọ létí. Obìnrin náà sunkún wọ inú koríko lọ.

Kò pẹ́, koríko mì. Ọdẹ rí ohun pupa kan fìrí.

“Ìgalà!”

Ìbọn dún gbàmù. Ọdẹ fa ọ̀bẹ yọ, ó sáré lọ dúńbú ẹran kí ẹ̀mí tó bọ́ lára rẹ̀, nítorí Mùsùlùmí kì í jẹ òkú ẹran. Ó fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó táràrà wá ọ̀fun rẹ̀.

“Bísímílá…”

Ohùn kan jáde lábẹ́ ọ̀bẹ: “Baba Ràsáàkì, ṣé ó ti gbó wàyí?”