Ọjà Ojú Ọ̀nà Ìràwọ̀

Ọkọ̀ kan ti àárín ìràwọ̀ wá, ó balẹ̀ sí pápá Ìpokíà. Obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀.

Alájì Sàláúdéènì, olórí àwọn oníṣòwò, wò ó láti òkè délẹ̀, ó yínmú, ó sì fi èdè Faransé kí i bí àjèjì:

"Bonjour, Madame!"

Ló bá kọjú sí àwọn èèyàn rẹ̀: "Ẹ wo ọrùn bí igi ẹ̀gẹ́! Kò gbọ́ Yorùbá. Gààrí tó ti bu ni ká tà fún un."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Alájì fọ́nnu: "Àwọn bàbá ńlá mi ló ń ná ọ̀nà ìràwọ̀ yìí láyé àtijọ́. Wọ́n mọ ọjà tà!"

Obìnrin náà tutọ́ sílẹ̀.

"Mo gbọ́ gbogbo ohun tó o sọ. Ẹnu màmá mi ni mo ti kọ́ Yorùbá."

Ó nawọ́ sí Alájì:

"Ìyá ńlá wa ni ọjà tí àwọn bàbá ńlá ẹ tà."