Ipasẹ̀ Lọ́nà Kànga Odomèta

Ọdún kejì tí Dàhòmì gbòmìnira ni Désiré mú orúkọ ọmọbìnrin kẹta wá bá Sidonie, ìyá rẹ̀. Sidonie ti kọ méjì ná. Ti ìlú Kpankou, ó ní ó ń wọ́ gìgísẹ̀. Ti Adakplamè, ó ní ó ń rìn bí ẹni tó sọ nǹkan nù. Désiré wá là á mọ́lẹ̀ pé bí wọ́n bá tún kọ Fọláṣadé ọmọ Odomèta, Àbíjàn ni òun ń lọ, òun kò sì ní padà.

Nínú ẹbí wọn, ìyá ọkọ kì í fojú kan ìyàwó kí ó tó gbà á. Ipasẹ̀ rẹ̀ ló máa ń wò lọ́nà omi, ohun tó bá sì sọ níbẹ̀ kò ṣeé kó padà. Iṣẹ́ yìí bá Sidonie lára mu. Ọmọ ọdẹ ni. Bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wo ipasẹ̀ ẹtu, kí wọ́n mọ èyí tó ti rẹ̀, èyí tó lóyún, èyí tí ìbàdí ń dùn.

Orúnkún ló ń dun òun alára. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí àwọn ìyàwó ilé ti ń pọnmi fún un. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Clément, nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn, ní kí ó fi ẹsẹ̀ kan dúró. Ó wo ìrìn rẹ̀ lọ, ó wò ó bọ̀, ó sì nawọ́ sí ìbàdí rẹ̀.

"Ibí gan-an, màmá..."

"Orúnkún ni mo ní ó ń dùn mí, ìdí lò ń wò! Ṣé ohun tí òyìnbó kọ́ ọ nìyẹn?"

Ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó jáde.

Òjò rọ̀ mọ́jú ọjọ́ tí òun àti Ràmọ́nù alárinà lọ sí Odomèta. Ràmọ́nù yà lọ kí bàbá ọmọ. Sidonie bọ́ bàtà tuntun tó rà ní Àjàṣẹ́ sídìí ọ̀pẹ kan kí ẹrẹ̀ má baà bà á jẹ́. Ó rọra sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi kànga, ó bu omi tútù sí orúnkún, ó sì padà wá jókòó sídìí ọ̀pẹ náà. Nígbà tí Ràmọ́nù dé, ó ní Fọláṣadé ti pọnmi láàárọ̀, kò sì tíì sí ẹlòmíràn tó débẹ̀.

Wọ́n gba inú koríko lọ kí wọ́n má baà tẹ ipasẹ̀ náà pa.

Lẹ́bàá kànga, ipasẹ̀ ènìyàn méjì ló wà nínú ẹrẹ̀ pupa, ti Sidonie àti ti ọmọ náà. Ọ̀kan tọ́ bí okùn. Sidonie kò wo ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì, tòun ló pè é. Ìkejì ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò, orúnkún rẹ̀ sì dún.

"Wo iṣẹ́ burúkú, Ràmọ́nù! Ẹ̀gbẹ́ inú jìn, ẹ̀gbẹ́ òde kò fẹ́ẹ̀ kanlẹ̀. Orúnkún ẹni yìí ń wọ́ sínú, wọ́n ń kan ara wọn. Ṣé o mọ ohun tó fà á? Ìbàdí ni. Ìbàdí tó bá ti lẹ kò lè di itan mú. Itan á yí sínú, orúnkún á sì máa jìyà ẹ̀ṣẹ̀ ẹlẹ́ṣẹ̀."

"Àbí ẹrẹ̀ ló yọ̀, Ìyá Désiré?"

"Ṣé ẹrẹ̀ ọ̀tọ̀ ni èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tẹ̀ ni?" Ó pòṣé. "Ọ̀lẹ ni, jàre. Ẹni tó ń jókòó látàárọ̀ ṣúlẹ̀, tí wọ́n ń pọnmi fún, ló ń ní irú ìbàdí yìí."

"Ọmọ náà níwà o, ìyá. Désiré á sì lọ."

Sidonie kò fẹ́ kí ó lọ, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ti ṣí.

"Kó máa lọ! Obìnrin tó ni ẹsẹ̀ yìí kò ní gbé inú ilé mi. Mo ti sọ ọ́. Tọ ipasẹ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín, kí o jẹ́ iṣẹ́ mi bí mo ṣe rán ọ."

Ràmọ́nù mí kanlẹ̀, ó tọ ipasẹ̀ wíwọ́ náà gòkè, ó kọjá ibi tí èyí tó tọ́ ti yà sí agboolé Fọláṣadé, ó sì ń bá a lọ títí ó fi dé ìdí ọ̀pẹ, níbi tí ipasẹ̀ náà parí sí lẹ́bàá bàtà tuntun láti Àjàṣẹ́.